Ọjọ́ Kan ní Akowonjo, Nílé Awakọ̀ Òfúrufú

Bí ẹ bá ní ọmọ nílé tí ó ń wí pé awakọ̀ òfúrufú ni òun yóò jẹ́, ẹ pè é kí ó wá jókòó tì yín, nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo mú bọ̀ láti Akowonjo.

Ní ọjọ́ Sátidé kan ni mo gbéra ní Ìbàdàn. Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ṣí ní ọdún 2021 ni mo wọ̀ ní Mọ́níyà. Ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ̀rù ọkọ̀ ojú irin nítorí èyí tí ẹ mọ̀ nígbà èwe yín, ẹ fi ọkàn balẹ̀. Ìjókòó rẹ̀ dára, ènìyàn sì lè máa wo oko láti ojú fèrèsé títí ó fi dé ẹnu Èkó. Kìkì pé Mọ́níyà jìnnà sí àárín ìlú, nítorí náà ẹ tètè kúrò nílé. Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Agége, mo wọ dánfó lọ sí Dopemu, lábẹ́ afárá ojú ọ̀nà Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ni mo sì ti wọ kórópe lọ sí Akowonjo.

Akowonjo kì í ṣe ibi tí àlejò ń lọ wòran. Kò sí òkè níbẹ̀, kò sí odò tí a lè ya fọ́tò rẹ̀. Ilẹ̀ Àwórì ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀yà tí ẹ kò ní bá pàdé níbẹ̀ lónìí. Oríta róbótó ńlá kan ni ọkàn àdúgbò náà: ọ̀nà kan ti Dopemu wá, ọ̀kan lọ sí Egbeda, ọ̀kan yà sí Shasha. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Alimosho ni ó wà, èyí tí ènìyàn pọ̀ sí jùlọ ní ìpínlẹ̀ Èkó. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní ọdún 2006, iye wọn ti lé ní mílíọ̀nù kan. Ẹ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ka iye náà fún yín. Ẹ sáà dúró ní oríta yẹn ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Sátidé, láàárín àwọn aláṣọ, àwọn oníbọ̀lì, àwọn tí ń tún fóònù ṣe, àti àwọn akérò tí gbogbo wọn fẹ́ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣùgbọ́n ẹ gbé ojú sókè. Pápá ọkọ̀ òfúrufú Murtala Muhammed wà nítòsí ní ìhà ìlà-oòrùn, ó súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, bí àwọn bàálù bá gba ìhà àríwá bọ̀ wá balẹ̀, ènìyàn lè dúró sórí ilé kan kí ó máa wo àwọ̀ tí wọ́n kùn sí wọn lára. Àwọn ọmọdé àdúgbò kì í gbójú sókè mọ́. Èmi ni mo ń wò bí ará oko.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrà díẹ̀. Ọlọ́kadà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ fi taya tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ ní oríta náà, mo sì rántí ibi tí orúkọ ọ̀kadà ti wá. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú ni. Olóyè Gabriel Igbinedion ti Benin ni ó dá Okada Air sílẹ̀ ní ọdún 1983, ó sì sọ ọ́ ní orúkọ ìlú rẹ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ń fi alùpùpù ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun náà ń fò láàárín gósílóò bíi bàálù Okada. Ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé ní ọdún 1997. Àwọn bàálù rẹ̀ ti lọ, orúkọ rẹ̀ ni ó kù tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gé mi lẹ́sẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Ilé tí mo ń lọ kò jìnnà sí oríta náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni ìyàwó ilé, aránṣọ ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù níwájú ilé. Bàbá ọkọ rẹ̀ ni ó kọ́ ilé náà. Mẹkáníìkì ọkọ̀ òfúrufú ni Àlhájì yìí nígbà tirẹ̀, ní ilé-iṣẹ́ Nigeria Airways, ó sì ra ilẹ̀ síbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ṣì pọ̀, nítorí pé kò fẹ́ jìnnà sí ibi iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ pápá ọkọ̀ òfúrufú ni ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní àgbègbè náà. Ọmọ rẹ̀, ọkọ ọmọ wa, kò fẹ́ tún bàálù ṣe, wíwà ni ó fẹ́ wà á. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ òfúrufú ní Zaria, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1964, ó gba ìwé àṣẹ, ó sì ń wa bàálù olówó kan láti bí ọdún mẹ́sàn-án. Kápítéènì ni àwọn aládùúgbò ń pè é.

Ohun tí ó mú mi wá nìyí. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí ń gbé èrò ti kọ lẹ́tà sí i pé kí ó wá bá wọn ṣiṣẹ́. Wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì láti fèsì. Ọ̀sẹ̀ kan ti lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù, ó ní, “Ìyá Ìbàdàn, ẹ bá wa wá sí i, nítorí pé ilé yìí ti pín sí méjì.”

Èmi, kí n sọ òótọ́ fún yín, mo ti pinnu nínú ọkọ̀ ojú irin pé kí ó má lọ. Ṣé ẹ rí i, mo mọ olówó tí ó ń bá ṣiṣẹ́ dáadáa, mo kúkú ti jẹ lára àgbò rẹ̀. Ọdọọdún ni àgbò iléyá ń wọlé láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, tòun ti àpò ìrẹsì. Bí ó bá gbé olówó náà lọ sí ìlú òyìnbó, òtẹ́ẹ̀lì kan náà ni wọ́n ń sùn. Òun ni ọ̀gá awakọ̀ nínú bàálù náà, kò sí ẹni tí ń pàṣẹ fún un lókè. Owó oṣù rẹ̀ sì dára. Kí ni ènìyàn tún ń wá?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ méjèèjì, nítorí pé ọ̀pọ̀ wa ni ó rò pé awakọ̀ òfúrufú kan kò yàtọ̀ sí èkejì. Ẹni tí ń wa bàálù olówó tàbí ti ilé-iṣẹ́ aládàáni dà bí dírẹ́bà ilé ọlọ́lá. Èrò mẹ́jọ, èrò mẹ́wàá ni bàálù náà ń gbà. Kò ní àkókò kan pàtó. Ọ̀gá ní òun ń lọ, a lọ; ọ̀gá ní òun kò lọ mọ́, a jókòó. Ó lè lo ọjọ́ mẹ́wàá nílé kí ó máa gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé-ìwé. Ó tún lè jáde ní òwúrọ̀ láti lọ sí Abuja kí ó bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí ó wá jẹ́ Accra, kí Accra di London. Ẹni tí ń wa bàálù èrò, ìwé ni ó ń tẹ̀ lé. Kí oṣù tó wọlé, wọ́n ti kọ gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ fún un, àti ọjọ́ ìsinmi. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, Èkó sí Kánò, Kánò sí Èkó, ó sì lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Kò mọ orúkọ èrò kankan, èrò kankan kò sì mọ tirẹ̀, àfi ohùn rẹ̀ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Lẹ́tà tí wọ́n kọ sí ọkọ ọmọ wa kò pè é láti wá ṣe ọ̀gá awakọ̀. Igbákejì ni wọ́n ní kí ó wá ṣe. Ìjókòó ọwọ́ ọ̀tún ni yóò jókòó, ẹni tí ó fi ọdún mẹ́fà jù lọ lè jẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Owó tí wọn yóò fún un ní ọdún méjì àkọ́kọ́ kò tó èyí tí ó ń gbà báyìí. Wọn yóò rán an lọ kọ́ bí a ti ń wa irú bàálù tiwọn nínú ẹ̀rọ tí ń ṣe bíi bàálù lórí ilẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní símúlétọ̀, ó sì ní láti tọwọ́ bọ̀wé pé òun kò ní kúrò fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun yóò dá owó ẹ̀kọ́ náà padà.

Ṣé ẹ rí i pé mi ò jẹ̀bi?

Ní Amẹ́ríkà, kò sí ẹni tí yóò fi odidi ọ̀sẹ̀ kan rò ó. Níbẹ̀, ọjọ́ tí awakọ̀ wọ ilé-iṣẹ́ bàálù ńlá ni ohun gbogbo. Orúkọ rẹ̀ bọ́ sínú ìwé kan, nísàlẹ̀ gbogbo àwọn tí ó ti wọlé ṣáájú rẹ̀, bí àwọn àgbà sì ti ń fẹ̀yìn tì ni orúkọ rẹ̀ ń gòkè. Ipò rẹ̀ nínú ìwé yẹn ni yóò sọ irú bàálù tí yóò wà, ìgbà tí yóò di ọ̀gá awakọ̀, ọjọ́ tí yóò gba ìsinmi, àti bóyá yóò wà nílé ní ọjọ́ ọdún. Bí iṣẹ́ bá sì wó, ẹni tí ó dé kẹ́yìn ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá dúró. Ìrírí tí ènìyàn ní níbòmíràn kò gbé e sókè nínú ìwé náà. Ẹni tí ó ti wa bàálù olówó fún ogún ọdún yóò wà lẹ́yìn ọmọ kékeré tí ó wọlé ní àná. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń sọ fún àwọn awakọ̀ wọn pé bí wọn yóò bá lọ, kí wọn tètè lọ. Òfin àgbáyé kò sì jẹ́ kí ẹni tí ó lé ní ọdún 65 wa bàálù tí ń gbé èrò fún owó láti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà, awakọ̀ di ọ̀wọ́n lọ́hùn-ún. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, àwọn awakọ̀ ilé-iṣẹ́ Delta fọwọ́ sí àdéhùn tí yóò fi owó wọn lé ju ìdá mẹ́ta lọ láàárín ọdún mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ bàálù olówó ni ó sáré wọlé.

Ọkọ ọmọ wa jẹ́ ẹni ọdún 38. Bí ó bá wọlé báyìí, ó ní ọdún 27 níwájú.

Ṣùgbọ́n Akowonjo kì í ṣe Amẹ́ríkà. Kí ni ipò nínú ìwé ṣe fún ènìyàn bí ilé-iṣẹ́ tí ó ni ìwé náà bá kú? Ẹ rántí Okada. Ẹ rántí Virgin Nigeria tí ó bẹ̀rẹ̀ sí fò ní ọdún 2005 pẹ̀lú ariwo àti ìlù, tí ó yí orúkọ padà di Air Nigeria, tí ó sì dákẹ́ ní ọdún 2012. Kì í ṣe pé ọ̀dọ̀ olówó ni ààbò wà o. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní ọdún 2020, láàárín oṣù kan ṣoṣo, oṣù kẹjọ, Air Peace tí ń gbé èrò dá awakọ̀ tí ó lé ní 70 dúró, Bristow tí ń fi hẹlikópítà gbé àwọn òṣìṣẹ́ epo náà sì dá awakọ̀ àti ẹnjiníà tí ó lé ní 100 dúró. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2024, Air Peace kan náà bẹ̀rẹ̀ sí fò láti Èkó lọ sí London. Bí òwò bàálù ti rí nílẹ̀ yìí nìyẹn, ó ń ga, ó ń wálẹ̀.

Mo ti ní gbogbo ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu nígbà tí mo jókòó ti Àlhájì ní pálọ̀. Mo rò pé òun ni yóò gbè mí lẹ́yìn. Ta ni ilé-iṣẹ́ ńlá tún jẹ níyà tó o? Ẹ̀yin àgbà mọ Nigeria Airways. Láti inú ilé-iṣẹ́ tí Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia jọ ní láti ọdún 1946 ni ó ti jáde, ní ọdún 1958. Ó ní erin tí ó ní ìyẹ́ gẹ́gẹ́ bí àmì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 bàálù rẹ̀ tó bí ọgbọ̀n. Nígbà tí wọ́n fi máa tì í pa ní ọdún 2003, erin náà kò rí ìyẹ́ fi fò mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò rí ẹ̀tọ́ wọn gbà fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó di ọdún 2018 kí ìjọba àpapọ̀ tó gbé owó tí ó lé ní bílíọ̀nù 22 náírà jáde láti san apá kan rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ti kú, àwọn opó ni ó lọ to ìlà.

Mo ní, “Àlhájì, ẹ̀yin ni ẹ mọ̀ ọ́n jù. Ẹ ní kí ọmọ yìí jókòó jẹ́jẹ́.”

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìyá ìyàwó, gbogbo wọn ni wọ́n rò pé èmi ni n óò kọ́kọ́ sọ pé kí ó má lọ. Ẹ gbọ́. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ wa kú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wa ni wọ́n jẹ lówó. A ní ẹgbẹ́. A ń ṣèpàdé, a ń dáwó ọkọ̀, a lọ sí Abuja, a padà, a tún lọ. Ó pẹ́, ó pẹ́ jù, àwọn ọ̀rẹ́ mi kan kò rí i. Ṣùgbọ́n ó jáde, nítorí pé orúkọ wa wà nínú ìwé. Ọmọ mi yìí, bí ọ̀gá rẹ̀ bá ta bàálù náà lọ́la, tàbí tí ó bá kú, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ta ni wọn yóò jọ lọ sí Abuja? Àwọn mélòó ni wọ́n? Awakọ̀ mẹ́ta, ẹnjiníà kan, ọmọbìnrin kan tí ń gbé oúnjẹ.”

Mi ò ní èsì. Mo mu omi.

Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ohun kan tún wà tí òun kì í fẹ́ sọ níwájú ìyàwó ọmọ òun. Ẹ̀yin tí ẹ lọ sí Haji ní ọdún 1991 kò ní gbàgbé. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún náà, bàálù kan tí Nigeria Airways háyà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan ní Canada gbéra ní Jeddah láti kó àwọn alálàájì padà sí Sókótó. Ó gbaná lókè, ó sì já lulẹ̀ nígbà tí ó ń gbìyànjú láti padà. Ènìyàn 261 ni ó wà nínú rẹ̀, kò sí ẹni tí ó yè. Nígbà tí wọ́n wádìí, taya ni. Atẹ́gùn inú taya kò tó, àwọn mẹkáníìkì sì ti mọ̀ ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, ṣùgbọ́n ẹni tí ń ṣe alákòóso ètò náà kò fẹ́ kí bàálù pẹ́. Àlhájì ní gbogbo ìgbà tí òun bá ṣu taya bàálù láti ọjọ́ náà ni òun ń rò ó pé ẹnìkan ti mọ̀, kò sì rí ẹ̀yìn fi dúró kí ó sọ pé, “Ọkọ̀ yìí kò lọ lónìí.” Ó ní, “Ohun tí mo ń bi ọmọ mi nìyẹn. Bí ìwọ bá sọ fún ọ̀gá rẹ pé ọkọ̀ kò lọ lónìí, ta ni ó wà lẹ́yìn rẹ?”

Ìgbà yìí ni Kápítéènì fúnra rẹ̀ wọlé láti ìrun àìlà. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó, a jọ jẹun. Nígbà tí mo tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ àgbò, ó ní, “Mọ̀mí, kì í ṣe ti owó.” Ó wá sọ ohun tí kò tíì sọ fún ìyàwó rẹ̀ pàápàá.

Ẹ mọ̀ pé ìwé àṣẹ tí ìjọba ń fún olówó láti ní bàálù tirẹ̀ kò gbà á láyè láti fi ṣe háyà. Òun, ẹbí rẹ̀, àti àwọn àlejò rẹ̀ nìkan ni ó lè gbé, láì gba kọ́bọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba owó èrò, ìwé àṣẹ mìíràn ni, àyẹ̀wò mìíràn ni, ìbánigbófò mìíràn sì ni. Ọ̀pọ̀ ń ṣe é lábẹ́lẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NCAA tí ń mójútó ọkọ̀ òfúrufú gba ìwé àṣẹ àwọn mẹ́ta tí wọ́n ní ó ń ṣe irú rẹ̀, wọ́n sì ní àwọn yóò tún gbogbo àwọn yòókù yẹ̀ wò. Kápítéènì ní ní ọjọ́ kan, wọ́n ní kí òun gbé àwọn ènìyàn mẹ́fà lọ sí Port Harcourt. Ọ̀rẹ́ ọ̀gá ni wọ́n pè wọ́n. Nígbà tí wọ́n balẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà bi í léèrè, tẹ̀rín-tẹ̀rín, pé ta ni òun yóò san owó tí ó kù fún.

Ó ní òun dákẹ́. Òun gbé wọn padà. Láti ọjọ́ náà ni òun kò ti sùn dáadáa, nítorí pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, orúkọ òun ni ó wà nínú ìwé ìrìn-àjò náà, ìwé àṣẹ òun ni wọn yóò sì gbà. Bí ó bá sì jẹ́ jàǹbá ni, àwọn ìbánigbófò kò ní san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni, àti ti àwọn èrò, àti ti àwọn ọmọ tirẹ̀. “Mi ò lè bi ọ̀gá léèrè, Mọ̀mí. Ó ti ṣe mí lóore jù.”

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, àgbò iléyá yẹn yí mi nínú níjókòó tí mo wà.

Mo lọ bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ń rán aṣọ ẹgbẹ́ kan, kò dá ẹ̀rọ dúró. Mo bi í pé kí ni ti òun. Ó ní òun kò mọ ọ̀rọ̀ ipò, òun kò sì mọ ọ̀rọ̀ ìwé. “Ìyá Ìbàdàn, ṣé ẹ rántí ìsọmọlórúkọ ọmọ wa kejì?” Mo rántí dáadáa. Àlùfáà kò tíì ṣàdúà tán nígbà tí fóònù dún. Ọ̀gá ń lọ sí Abuja ní ọ̀sán. Bàbá ọmọ jẹ ẹ̀wà sí ẹnu, ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó sì lọ. Ọjọ́ kẹrin ni ó padà. Àwọn àlejò ni ó kọ́kọ́ ń sọ pé kí Ọlọ́run bùkún iṣẹ́ rẹ̀; nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń bi ìyá ọmọ pé ṣé kò sí ìjà láàárín wọn.

Ó ní ti ààwẹ̀ ni ó tún le jù. Ẹ mọ̀ pé a gba arìnrìn-àjò láyè láti tú u kí ó sì san án padà, ọkọ rẹ̀ kì í sì í gba ààwẹ̀ ní ọjọ́ tí yóò bá fò, nítorí ẹ̀mí àwọn tí ó gbé. Ohun tí Pakistan International Airlines náà pa láṣẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2024 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ilé-iṣẹ́ orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí ni. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe mọ ọjọ́ tí yóò fò? Yóò jẹ sààrì, yóò kírun, yóò dùbúlẹ̀, fóònù á dún ní aago mẹ́wàá. “Bí mo bá ti rí ìwé kan tí ó sọ fún mi pé ní ọjọ́ Túsìdé òun lọ, ní ọjọ́ Wẹ́sìdé òun ń bọ̀, kí wọn mú àgbò wọn, mo lè ra àgbò.” Nígbà náà ni ó tó dá ẹ̀rọ dúró.

Ẹ̀yin ìyàwó awakọ̀ èrò lè kọ lẹ́tà sí mi pé kì í rí bẹ́ẹ̀ pátápátá, ẹ ó sì jàre. Mo mọ̀ pé bàálù ilẹ̀ wa a máa pẹ́, a máa já ìpàdé, àti pé ẹni tí yóò wa ti òwúrọ̀ kùtùkùtù ti ní láti jáde nílé kí wọn tó pe ìrun àsùbáà. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní àìròtẹ́lẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò dà bí àìròtẹ́lẹ̀ lójoojúmọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, a kó gbogbo rẹ̀ jọ ní pálọ̀, lẹ́tà náà wà lórí tábìlì. Mo ní kí n sọ èrò mi, mo sì sọ ọ́. Mo ní mo ti jẹ ọ̀rọ̀ inú ọkọ̀ ojú irin mi padà. Kí ó lọ. Ṣùgbọ́n kí ó má lọ nítorí pé awakọ̀ Amẹ́ríkà ń lọ, nítorí pé ìwé ipò ti Amẹ́ríkà kò ní gbà á sílẹ̀ bí ilé-iṣẹ́ bá wó ní Ìkẹjà. Kí ó lọ nítorí ìbéèrè tí bàbá rẹ̀ bi í. Kí ó sì tó tọwọ́ bọ̀wé, kí ó ka iye ọdún tí wọ́n fi dè é, kí ó béèrè iye owó tí yóò san bí àìsàn bá mú un kúrò láàárín, kì í ṣe bí ó bá sá nìkan. Kí ó béèrè ti owó ìfẹ̀yìntì pẹ̀lú. Òfin ọdún 2014 ní ilé-iṣẹ́ tí ó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ máa san ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ sínú àpò ìfẹ̀yìntì tí ó wà ní orúkọ òṣìṣẹ́ náà, kí òṣìṣẹ́ fi ìdá 8 sí i. Àpò náà kì í kú bí ilé-iṣẹ́ bá kú, èyí sì ni Àlhájì kò ní nígbà tirẹ̀. Ìyàwó lè béèrè láti rí ìwé rẹ̀ ní oṣooṣù, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i bóyá owó ń wọlé. Ẹ̀yin ìyàwó òṣìṣẹ́ gbogbo, ẹ bá ọkọ yín béèrè èyí ní alẹ́ òní, àti awakọ̀, àti tíṣà.

Kápítéènì bi mí pé kí òun ṣe ti ọ̀gá òun sí báwo. Mo ní kí ó lọ bá a fúnra rẹ̀, kí ó má fi fóònù ṣe é, kí ó dúpẹ́, kí ó sì fún un ní oṣù kan láti wá ẹlòmíràn. Àlhájì ní kí ó sọ ti Port Harcourt náà fún un. Bóyá ọ̀gá kò tilẹ̀ mọ̀, bóyá ẹnìkan nínú ilé rẹ̀ ni ó ń fi bàálù rẹ̀ jẹun. A jiyàn lórí ìyẹn. Mo rò pé ẹni tí ń jáde kò gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀kùn pẹ̀lú ariwo. Àlhájì rò pé ẹni tí ó ṣe ọ́ lóore ni ó yẹ kí o sọ òótọ́ fún. Mo rò ó títí mo fi dé Mọ́níyà ní ọjọ́ kejì, mo sì gbà pé òun ni ó jàre.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Wọ́n ti fún un ní aṣọ iṣẹ́ tuntun. Ìlà mẹ́rin ni ó máa ń wà ní èjìká ọ̀gá awakọ̀, mẹ́ta ni ti igbákejì, ọmọ wọn kejì sì ti kà á, ó ń bi gbogbo ilé pé ta ni ó mú ọ̀kan nínú ìlà Dádì. Àwọn ará àdúgbò ṣì ń pè é ní Kápítéènì. Ó ti sọ ti Port Harcourt fún olówó náà, olówó náà sì dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó ní kí ó máa lọ ní àlàáfíà. Àgbò kò ní wá láti ibẹ̀ mọ́ ní tirẹ̀.

Ó ní kí n wá bá wọn ṣe iléyá. Mo ní ṣé Kápítéènì yóò wà nílé. Ó ní kí n dúró kí ìwé iṣẹ́ oṣù náà jáde, òun yóò pè mí padà.